Kàtídírà Krístì, Márínà, Èkó

Kàtídírà Krístì tó wà ní Márínà, ní Erékùṣù Èkó, ni kàtídírà tó pẹ́ jù lọ nínú Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1867 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé àkọ́kọ́ lélẹ̀.

Ilé tí à ń wò lónìí kọ́ nìyẹn. Bagan Benjamin ló ya àwòrán èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1924, Ọmọọba Edward ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wá fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1925. Ọdún 1946 ni iṣẹ́ tó parí: ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ òkúta yẹn ti di géńdé. Ọnà ìkọ́lé Gótíìkì ni wọ́n tẹ̀ lé, fèrèsé gogoro tí orí wọn ṣe ṣóńṣó, àjà tó ga fíofío. Ẹni tó bá ti inú ariwo Márínà wọlé, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sókè ná.

Síbẹ̀, ohun tí ilé yìí fún Yorùbá jùlọ, orin ni. Láti 1914 di 1962, Thomas King Ekundayo Phillips ló ń tẹ dùùrù níbẹ̀, òun náà ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ó rí i pé ohùn orin òyìnbó ń ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orin bá gbé ìparí ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ọkọ̀ ti di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. Phillips bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó ń bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fela Sowande, olórin ńlá nì, ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré.

Inú kàtídírà yìí náà ni egungun Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther wà, ẹni tó ṣe gudugudu méje nínú títú Bíbélì sí Yorùbá. Nígbà tó kú lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ìjọba fẹ́ fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, ni wọ́n bá hú u, wọ́n tún un sin sí Márínà lọ́dún 1976. Etí omi Èkó yìí kan náà ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ ẹrú lọ́dún 1822, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé láti Òṣòógùn.