Nígbà tí àwọn atúnrọṣe rélùwéè rìn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Àwa tí a ń dúró de owó SIWES lè rò pé ọdún 1973 tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ni ìyà ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1929, Michael Imoudu wọ rélùwéè láti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ìdí ẹ̀rọ la ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yẹn: irin ọkọ̀ tó bá ti jẹ, ẹ óò gé òmíràn tó máa bọ́ sójú rẹ̀ wẹ́kú. Bó bá fi bíńtín yẹ̀, ọkọ̀ ò ní lọ.

Nígbà tí ogun sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó oṣù ò tó nǹkan mọ́. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, 1941, Imoudu ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà Bourdillon ní Marina. Afárá Carter nìkan ló wọ Erékùṣù nígbà náà, Ìdúmọ̀tà ló sì já sí, nítòsí Ìsàlẹ̀ Èkó. (Àwa tí a ń sáré wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé a mọ̀?)

Lọ́dún 1943, ìjọba mú Imoudu, wọ́n lé e kúrò l'Ékòó. Ní oṣù kẹfà, 1945, ó padà, èrò rẹpẹtẹ ló wá pàdé rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti da iṣẹ́ sílẹ̀.