Fóònù Wo Ló Ju Èkejì Lọ?

Ní ìbùdókọ̀ Ọjọ́ta ni mo ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí Ìbàdàn kò tíì kún nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. iPhone ni ti ọ̀kan, Tecno ni ti èkejì. Oní-iPhone ní fóònù mẹ̀kúnnù ni ọ̀rẹ́ òun ń lò; ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé fóònù tí ó bá ti kú kí ilẹ̀ tó ṣú, òkúta lásán ni. Èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pín sí méjì. Èmi kò dá sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìtàn ni wọ́n ń pa láìfura.

Ẹ jẹ́ kí a wẹ̀yìn wò. Kí ọdún 2001 tó dé, tẹlifóònù NITEL ni a mọ̀, ilé ọlọ́lá àti ọ́fíìsì ni ó sì wọ́pọ̀ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN ṣí ọjà fún gbogbo ènìyàn. Náírà 50 ni a ń fi pe ìpè ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí Glo dé ní ọdún 2003, tí ó sì ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìfigagbága wọn sọ ìnáwó wa di fífúyẹ́. Nokia ni ọba fóònù nígbà náà. 3310 rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ahun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni BlackBerry gorí oyè, tí ẹni tí kò ní in fi dà bí àlejò láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Nokia ta ẹ̀ka fóònù rẹ̀ fún Microsoft ní ọdún 2014. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, àwọn ògbólógbòó BlackBerry dákẹ́ pátápátá. Tecno, tí a dá sílẹ̀ ní Ṣáínà ní ọdún 2006, wo ìṣòro wa kí ó tó tajà: síìmù méjì nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ń dákú, bátìrì tí ó tọ́jọ́ nítorí iná mànàmáná tí ń ṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n fi ń ṣáátá rẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀.

Ibi tí ọkọ̀ wa wà kò jìnnà sí Ọgbà Gani Fawehinmi. Níbẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn péjọ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo kan sì fò láti náírà 65 sí 141. Àwọn àwòrán tí wọ́n fi fóònù yà ní Ọjọ́ta kárí ayé. Ta ni ó béèrè irú fóònù tí ó yà wọ́n? Nígbà tí owó epo padà sí náírà 97, oní-fóònù ńlá àti oní-fóònù kékeré jọ jàǹfààní rẹ̀ ni.

Mi ò ní kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ẹ̀fẹ̀ dùn lẹ́nu Yorùbá. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa fi òǹtẹ̀ ọjà díwọ̀n ọmọlúàbí. Ọba fóònù ń wàjà. Ènìyàn tí ó dì í mú ni ó ṣẹ́kù.