Ọ̀nà Ọ̀tà, Ọ̀nà Oníbodè

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ ti sọ̀ ní Toll Gate ní Sàngó-Ọ̀tà rí? Ẹ wọ̀tún, ẹ wòsì, ẹ ò ní rí géètì kankan. Ìjọba àpapọ̀ fòpin sí owó ibodè ojú títì nígbà tí 2003 ń parí lọ. Orúkọ nìkan ló kù lẹ́nu kọ̀ńdọ́.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Oníbodè ti wà lọ́nà yẹn kí mọ́tò tó dé. Ìyá ìyá mi ru epo gbabẹ̀. Bí wọ́n bá gbowó ibodè tán, èrè á ku owó iyọ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ló so Èkó, Ọ̀tà àti Abẹ́òkúta pọ̀ láyé ọjọ́un. Epo àti èkùrọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí aláàárù. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń gòkè. Ẹni tó bá jókòó sójú ọ̀nà ló di ọ̀fun ọjà mú. Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta ní 1830. Nígbà tó di 1842, wọ́n ti ṣẹ́gun Ọ̀tà, ìlú Àwórì, torí ọ̀nà òkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà rọ̀jò àgbá lé Èkó lórí ní 1851, wọ́n gbà á pátápátá ní 1861. Bí ìjà bá dé, Ẹ̀gbá á ti ọ̀nà pa, ọjà á kú.

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹrù kúrò lórí. Lẹ́yìn náà ni títì márosẹ̀ àti ilé iṣẹ́ ńláńlá dé.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n parí Appalachian Trail ní 1937, ó lé ní 3,000 kìlómítà. Wọ́n kun àmì sára igi, àwọn èèyàn ń fi fàájì rìn ín. Tiwa ò ní àmì kankan.

Lọ́jọ́ kan tí gó-sìlóò há wa mọ́ Sàngó, mo sọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀tà. Báàgì ìwé lásán ni mo gbé, ọrùn ń ro mí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìyá elépo. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà tiyín léèrè, kí wọ́n tó lọ. Ẹnu wọn nìkan ni àmì ọ̀nà yẹn wà.