Ìtàn Àkójọ Ìmọ̀ nípa Okùn Ara

Ara ènìyàn kì í ṣe kìkì sẹ́ẹ̀lì. Ohun kan wà láàárín wọn tí ó dì wọ́n mú, bí amọ̀ ti í di òkúta ògiri mú. Olórí nínú rẹ̀ ni kọ́lájìn, èyí tí ó mú kí pọ̀nmọ́ máa bá eyín jà. Ní 1955, ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, Ramachandran àti Kartha dábàá pé fọ́nrán mẹ́ta tí a lọ́ pọ̀ bí okùn ni kọ́lájìn.

Ní 1965, Margaret Dayhoff ti Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé àkójọ purotéènì jáde. Ní 1971 a dá Protein Data Bank sílẹ̀ ní Brookhaven. Ètò purotéènì méje péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wá ń kọ bí purotéènì ti ń di ara wọn mú, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ni a sábà ń kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ta ni í fi fọ́nrán kan fa omi nínú kànga? Okùn ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ní 2009, Chautard, Ricard-Blum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Faransé kéde MatrixDB. Ó kọ okùn gẹ́gẹ́ bí okùn, ó sì ka àwọn ṣúgà gígùn tí ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kún un.

Ohun tí akọ̀wé bá fò, ẹni ẹ̀yìn a rò pé kò sí rí. Ì báà ṣe purotéènì, ì báà ṣe oríkì, kí akójọ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni mo ń kà sí ẹyọ kan?