Ẹnu Mi Kọ́ Lẹ Ó Ti Gbọ́ Ọ

Bí ẹni tó kàwé ní Ìbàdàn bá rí orúkọ náà, Okpara, lórí àwòrán ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Michael Okpara, ẹni tó ṣe olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà nígbà kan. Ṣùgbọ́n orúkọ Ìgbò kọ́ nìyí. Ọ̀pàrà ni. Kp ni wọ́n fi ń kọ ìró yẹn ní Bẹ̀nẹ̀. P lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà, nítorí pé Yorùbá ò ní p mìíràn tí ènìyàn lè ṣì í gbé. Odò ló ni orúkọ náà. Ibẹ̀ ni ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà gbà kọjá lápá kan, kí omi náà tó lọ wọ inú odò Wẹ̀mẹ̀. Orúkọ odò yìí náà ni wọ́n fi pe ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́jọ tó wà lábẹ́ Savè, ìyẹn Ṣábẹ̀ẹ́, ní ìpínlẹ̀ Collines.

Èdè òyìnbó méjì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ló wá kojú ara wọn létí odò yìí. Ohun tó dùn ún wò níbẹ̀ ju owó tàbí aṣọ́bodè lọ ni bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń kọ̀ láti dá sí i.

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ pé ẹnìkan la ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní ó dá sí i, kò lẹ́bi, bóyá wọ́n tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rí alátìlẹ́yìn nìyẹn. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: èyí lè dára, ó sì lè burú, ojú tí wọ́n fi sọ ọ́ ló máa sọ. Ó já lu ọ̀rọ̀: ti ẹni àkọ́kọ́ ò tíì jáde tán. Ó wá ku ẹni tó tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Òun ni wọ́n ń bi pé, "Ta ló bi ọ́?" Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Yorùbá tó sì rò pé "sọ̀rọ̀" nìkan ti tó, ó máa ṣẹ ènìyàn láìmọ̀.

Ní ààfin, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Kábíyèsí tí a fi ń kí ọba, ohun tí àwọn àgbà ń sọ pé ó túmọ̀ sí ni pé, "kí a bi yín, kò sí." Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921, Oníṣábẹ̀ẹ́, ọba Ṣábẹ̀ẹ́, wà lára àwọn tí wọ́n kà mọ́ ìdílé Odùduwà tó gba adé. Ọba tí orúkọ ìkíni rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kò sí ẹni tó lè bi í, ọgbọ́n ni ènìyàn fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n yẹn lórúkọ. Àgò ni ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ń ké, "Àgò onílé o!", onílé á sì dá a lóhùn pé, "Àgò yà." Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ ààlà. Àwọn Fọn ní i, àwọn Ewe ní i, àwọn Akan ní Gánà náà ń ké e lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹrú gbé e sọdá òkun: títí dòní, nílé òrìṣà ní Cuba àti ní Bahia ní Brazil, àgò ni wọ́n fi ń tọrọ àyè, àwọn ará Bahia sì ń pe ọ̀kan nínú ẹ̀yà ìsìn wọn ní Kétu, orúkọ ìlú tó wà ní gúúsù Ṣábẹ̀ẹ́. Gáfárà gba ọ̀nà mìíràn wá. Inú Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀, ìdáríjì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba ẹnu Hausa kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. "Ẹ ṣe gáfárà fún mi" wá ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣìṣe tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ó sì ń gbàyè fún ọ̀rọ̀ tí kò tíì jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà ni iṣẹ́ pọ̀ fún jù. Ẹ wo ìpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwọn bàbá jókòó sórí àga, àwọn ọ̀dọ́ dúró ti ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ní òwe tó bá ọ̀rọ̀ náà mu gẹ́lẹ́, tí kò sì sí àgbà tó rántí rẹ̀. Ó pa á. Kó tó mí, ó ti fi kún un pé: "Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin bàbá." Àwọn àgbà á dáhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa." Ìgbà yẹn ni òwe náà tó dúró. Bí kò bá wí tótó, òwe náà lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ni wọ́n máa jíròrò di alẹ́, ilẹ̀ á sì wà níbẹ̀.

Àwọn ọgbọ́n yìí ni òyìnbó bá níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní Paris, wọ́n fa ààlà láti etí òkun lọ sókè. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1898, wọ́n fi gbé ààlà náà lọ sí odò Ọya. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣábẹ̀ẹ́ di ti Faransé, àwọn ìlú Òkè-Ògùn bíi Ṣakí, tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, di ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ní apá tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníwàásù ti fi Yorùbá tẹ ìwé ṣáájú kí ìjọba tó dé. Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, Bíbélì odindi sì parí ní 1884. Ọmọ Ṣakí lè ka òwe bàbá rẹ̀ nínú ìwé kíkà. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀ ṣe nílé ẹ̀kọ́, Faransé nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọdún 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ tó ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè ilẹ̀ náà, ɔ àti ɛ sì ni wọ́n yàn níbi tí Nàìjíríà ti ń fi àmì sábẹ́ o àti e. "Ọ̀rọ̀" kan náà ló wá ní aṣọ méjì.

Níwájú kọmáńdà Faransé, tótó ò wúlò. Òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat fún un lágbára láti sọ ọmọ ìlú sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan láìgbé e dé kóòtù, àìbọ̀wọ̀ fún ìjọba sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ náà. Òfin yìí wà títí di 1946, ọdún kan náà tí wọ́n fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Lásìkò yẹn, ẹni tí wọn ò jẹ́ kó dáhùn ń kó ẹrù, ó ń kọjá sápá Gẹ̀ẹ́sì. Àkọsílẹ̀ onímọ̀ ìtàn A. I. Asiwaju lórí àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn, tó jáde ní 1976, kún fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Apá Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe ọ̀run o: ní 1916 ni Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ìjọba wọn.

Àwọn tó wá kọ́ èdè méjèèjì tún mú nǹkan mìíràn wálé. Olóṣèlú Nàìjíríà tí oníròyìn bá ká mọ́ á ní "nó kọ́mẹ́ǹtì", ìyẹn ni pé òun kọ̀, òun ò sọ. Faransé ní ohun tó jọ ọ́, "sans commentaire", ọ̀pọ̀ sì rò pé ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń sọ Faransé sábà máa ń fi ohun kan hàn ọ́ kó tó sọ ọ́: ẹ wò ó, kò nílò àlàyé. Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn, Faransé ṣí fèrèsé. Abájọ tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán Euronews, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, fi lè pe ètò tí kò ní alálàyé kankan, àwòrán àti ìró rẹ̀ lásán, ní "No Comment".

Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ á ní, "Ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ." Ẹnu ló ń gbé síwájú gbólóhùn, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́. Kò sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ ń jẹ́ kí o fura pé ó mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹni tó fẹ́ sọ ti Faransé á ní, "Ojú yín náà rí i." Bí ènìyàn bá sọ èkejì níbi tó yẹ kó ti sọ èkíní, ó ti jẹ́rìí láìmọ̀.

Kódà ohun tí wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ ("the floor") ni Gẹ̀ẹ́sì ń tọrọ nílé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ gan-an ("la parole") ni Faransé ń tọrọ, àyè ni Yorùbá ń tọrọ. "Ọ̀rọ̀" ti Faransé yẹn ni àwọn aṣojú ń tọrọ lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza, alága wọn, láàárín ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, nígbà tí àpérò orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lọ ní òtẹ́ẹ̀lì PLM-Alédjo ní Kùtọ́nù. Rédíò ń gbé e jáde, àwọn tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ sì lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bi Mathieu Kérékou, tó ti gba ìjọba láti 1972, ní ìbéèrè tí wọn ò jẹ́ bi ọba.