Ẹni Tó Bí Odi: Ẹbí, Agbo Ilé àti Ilé-Ìwé Nínú Ìtàn Ọmọ Adití ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bí odi ni í gbọ́ èdè odi. Òwe yìí kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n a kì í sábà kà á sí ẹ̀rí ìtàn. Ohun tó ń fi yé wa ni pé kí ilé-ìwé kankan tó wà fún ọmọ adití ní ilẹ̀ wa ni èdè kan ti wà láàrin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti ìyá rẹ̀, àwọn ará ilé sì gbà pé èdè ni. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ tọpasẹ̀ èdè náà láti inú agbo ilé dé ilé-ìwé, kí a lè wo ohun tí ọmọ adití jèrè àti ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé dé.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa akàndá ẹ̀dá láyé àtijọ́ máa ń gbà. Àwọn kan á ní ojú ègún ni àwọn baba ńlá wa fi ń wò wọ́n. Àwọn mìíràn á ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n, pé ẹni òrìṣà ni wọ́n, àti pé èèwọ̀ ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rí wà fún méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá ti adití mu tán nínú wọn. Afín, abuké, arọ àti aràrá ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ mọ́ Ọbàtálá, ìyẹn àwọn tí àmì wọn hàn gbangba lára. Ara adití kò ní àmì. Ọmọ náà ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó lè pé ọdún kan tàbí méjì kí ara tó fu ìyá rẹ̀.

Adití nínú agbo ilé

Orúkọ tí a ń pè é pàápàá fi ìdàrúdàpọ̀ hàn. Etí ni ‘adití’ ń tọ́ka sí, ẹnu ni ‘odi’ ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ a ti lọ́ méjèèjì pọ̀, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rí kì í lè fi ẹnu sọ ọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ńlá kan ti wọlé: ẹni tí kò fọhùn, àwọn ènìyàn a gbà pé kò ní èrò nínú.

Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnu nìkan sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá a máa fi ojú kìlọ̀ fún ọmọ níwájú àlejò, àrokò a sì máa jíṣẹ́ láti ìlú dé ìlú láìsí gbólóhùn kan. Èrò wa ni pé inú irú àṣà báyìí ni àmì tí ẹbí ń lò fún ọmọ adití ti rí ilẹ̀ dàgbà sí. Àmì kan wà fún oúnjẹ, òmíràn fún oko, òmíràn fún bàbá àgbà tí ilà ojú rẹ̀ yàtọ̀. Ìyá ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n àti orogún a sì kọ́ ọ mọ́ ọn, nítorí pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Iṣẹ́ náà kò sì lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ń kọ́ aṣọ òfì híhun ní Ìsẹ́yìn, tàbí tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ níbikíbi, ọwọ́ ọ̀gá ni yóò máa wò ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Kí a má sì ṣe àṣerégèé. Ohun tí etí ń gbé wọlé kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí: àlọ́ alẹ́, ìtàn orírun, àní oríkì tirẹ̀ tí ìyá àgbà ń kì ní òwúrọ̀. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bi pé èèwọ̀ wo ló jẹ, tàbí ta ló ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òbí ń lò láti ọ̀dọ̀ babaláwo dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, àti lẹ́yìn náà dé ilé àdúrà, kí wọ́n tó gbà pé etí náà kò ní là.

Nígbà tí ilé-ìwé dé

Ní 1957, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Accra. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti bí i ní 1925. Àìsàn yírùnyírùn ló di í létí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Ní 1954, òun ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Wọ́n ní nígbà tó ń wá ọmọ adití kiri, àwọn kan sọ fún un pé kò sí irú wọn níbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń ka èsì yìí sí ẹ̀rí pé ṣe ni wọ́n ń fi ọmọ pamọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé mìíràn. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé inú agbo ilé ni ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, tó ń pọnmi, tó ń roko, tí ẹnikẹ́ni kò sì ronú láti kó irú wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé-ìwé Wesley fún àwọn ọmọ adití ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1958, Foster sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. (Ní 1962, ìjọ Àgùdà dá ilé-ìwé Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Surulere, ìtàn tirẹ̀ yẹ fún iṣẹ́ ọ̀tọ̀.) Ilé-ìwé tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30 kí ó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní 1987, Togo àti Benin sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ rẹ̀ dé.

Èrè tí ilé-ìwé mú wá kò ṣeé kéré. Nínú agbo ilé, ó ṣeé ṣe kí ọmọ adití má rí adití mìíràn títí yóò fi dàgbà. Ní ilé-ìwé, ó bá ọgọ́ọ̀rọ̀ irú ara rẹ̀ pàdé, ó sì rí olùkọ́ tó jẹ́ adití bíi tirẹ̀. Láti inú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́, ìgbéyàwó, ìjọ àti ẹgbẹ́ àwọn adití ti jáde.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ wọn? Àmì ti Amẹ́ríkà ni Foster mú wá, pẹ̀lú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fi ìka yà, orí rẹ̀ sì ni èdè àmì tí ó tàn ká ilé-ìwé adití ní Nàìjíríà dúró lé. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà jẹ́ ibi tí ọmọ ń gbé, tí ó jẹ́ pé ìgbà ọlidé nìkan ló ń padà sílé. Ìyá rẹ̀ ń sọ Yorùbá, ó sì mọ ìwọ̀nba àmì tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ nínú ilé. Ọmọ ti di ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ṣe dojú kodò: ẹni tó bí odi kò gbọ́ èdè odi mọ́.

A kò dá Foster lẹ́bi. Kò sí èdè àmì Yorùbá kankan tí ẹnikẹ́ni ti kọ sílẹ̀ tí ì bá lò, òun nìkan sì kọ́ ló yan Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-ìwé wa. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa léèrè ni ti ọdún 1970. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, láti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò mòye ju ọmọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Iṣẹ́ náà lókìkí káàkiri àgbáyé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Ìbàdàn kò jìnnà sí Ifẹ̀, àwọn ọmọ adití Yorùbá sì wà níbẹ̀ lákòókò kan náà, tí èdè ilé wọn kò wọ ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Ní 1977, Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ya abala kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, ọdún náà sì ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìlànà kan náà ló ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Abala méjèèjì wà nínú ìwé kan, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ní kí èdè àmì wọ inú ìlànà ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bí a bá mú un ṣẹ, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n tó ń gbọ́ràn yóò lè bá adití ilé wọn sọ̀rọ̀. Ìyá wọn ti kọjá ọjọ́ orí ilé-ìwé ní tirẹ̀. Òun ló ń dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, tí ó ń wá olùkọ́ tí yóò bá a túmọ̀ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ fún un.