Ìdí tí àwọn bàbá wa fi ń dúró gbagidi níwájú kámẹ́rà



Ẹnìkan nínú ẹbí wa fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ìyá àgbà wa kan ní Kambolé ló ń sọ ìtàn bí àwọn èèyàn wa ṣe dé ibẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń dún ketekete, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn èéfín. Alẹ́ ni wọ́n yà á, gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá, ọwọ́ ẹni tó mú fóònù sì ń gbọ̀n. Ìyá náà ti lọ báyìí. Fídíò yẹn nìkan ló kù.

Òun ló mú mi rántí fọ́tò àtijọ́ tó wà lára ògiri ilé wa, tí bàbá àgbà jókòó gbagidi, ọwọ́ lórí orúnkún, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé inú ń bí wọn ni. Àṣé iṣẹ́ kámẹ́rà ni.

Kámẹ́rà máa ń la ojú, á gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, á sì pa ojú dé. Ohun tó bá mira nígbà tí ojú rẹ̀ ṣí, á fà yọ̀ọ̀ lórí àwòrán, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ pa yíǹkì tí kò tíì gbẹ. Ní ọdún 1838, Louis Daguerre ya títì kan ní Paris. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwòrán náà títì dá páropáro. Ọkùnrin kan tó dúró kí wọ́n bá a nu bàtà nìkan ló hàn dáadáa. Àwọn tó ń rìn kò dúró tó kí kámẹ́rà rí wọn. Nígbà tó yá, àwọn ayàwòrán ń fi irin ti orí oníbàárà lẹ́yìn kó má baà mì.

Ní Lomé, Alex Agbaglo Acolatse (1880–1975) fi kámẹ́rà onídígí ya àwọn èèyàn ìlú. Dígí ìgbà tirẹ̀ ti yára ju ti Daguerre lọ fíìfíì, síbẹ̀ ẹni tó wá ya fọ́tò ní láti dúró jẹ́ẹ́. Àwọn èèyàn wa kò sì kọ̀ ọ́. Robert Farris Thompson, tó bi àwọn Yorùbá léèrè ohun tó ń mú kí ère dára, kọ ọ́ ní 1973 pé ìfarahàn wà lára rẹ̀: kí ojú, ẹnu àti ilà hàn kedere. Ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ lára igi, ṣé yóò gba bàìbàì lára fọ́tò?

Fíìmù dé ọ̀dọ̀ wa ní 1913 sí 1914. Ará Jámánì kan, Hans Schomburgk, kó kámẹ́rà wá sí Togo pẹ̀lú òṣèré Meg Gehrts, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní Sokodé. Ìwé tí Gehrts kọ nípa rẹ̀ jáde ní London ní 1915. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn, nǹkan bí àwòrán 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Igi yẹn yanjú ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Kò yanjú ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ilẹ̀ ẹlẹ́ṣin sì ni Tchaoudjo: ẹṣin tó ń sá eré mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á ti kúrò níbi tó wà ní nǹkan bí 30 sẹ̀ńtímítà kí kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tó pa ojú dé.

Fóònù gba igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wa. Ní 2012, Nokia Lumia 920 gbé dígí tó ń léfòó sínú fóònù: bí ọwọ́ bá mì síhìn-ín, dígí á mì sọ́hùn-ún. Ní 2018, Google gbé Night Sight jáde, tó ń ya fọ́tò púpọ̀ nínú òkùnkùn, tó sì ń tò wọ́n léra di ẹyọ kan. Fọ́tò lèyí o. Fídíò kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, torí ó ní láti ya nǹkan bí 30 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, àwòrán á kún fún ẹ̀gbin wẹ́wẹ́. Fóònù á máa nù wọ́n, á sì nu ilà ojú èèyàn mọ́ ọn. Dígí tó ń léfòó pẹ̀lú kò lè dá ọ̀bẹ oníjó dúró níbi ọdún Adossa ní Sokodé. Oòrùn nìkan ló lè ṣe é, torí nínú oòrùn, kámẹ́rà á pa ojú dé kí ọ̀bẹ tó rìn jìnnà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka méjì fa àwòrán súnmọ́ láti òkèèrè, ẹ ń fa ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ yín tóbi pẹ̀lú.)

Àbúrò ìyá wa ṣì wà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n fi aṣọ nu òrí tó kùn mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù, wọ́n gbé e lé orí odó, wọ́n sì fi àpò gàrí kékeré tì í. Ó dárúkọ àwọn tó kọ́kọ́ dé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń rí ètè rẹ̀ bó ṣe ń pè wọ́n, torí orúkọ kan wà níbẹ̀ tí èmi kò tíì lè pè.